Ta Ló Ń Ránmú Lẹ́yìn Dúrọ́ọ̀mù?

Olè kì í bà mí lẹ́rù tó èémí. Ẹni tó bá bí ọmọ tí àyà rẹ̀ máa ń há yóò mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n lè kó gbogbo ẹrù inú ilé mi lọ kí n má mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá mí lọ́nà tí kò tọ́ ní yàrá kejì, ojú mi á là. Aṣọ iṣẹ́ ni mò ń rán fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa sì ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń pariwo tó, mò ń gbọ́ ọmọ náà lábẹ́ ariwo rẹ̀. Ọkọ mi ní etí ajá ni mo ní. Mo ní kó dúpẹ́, nítorí etí ajá yìí ló ń bá a ṣọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ṣàngó nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi, ọmọ Alápòtì. A kọ́lé kékeré kan sí ẹ̀yìn Ṣàngó, ibi tí ilé ènìyàn ti fara kan ògiri ilé iṣẹ́. A ò tíì rẹ́ ilé náà tán tí àwọn kan fi wá gbé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù kalẹ̀ sí ẹ̀yìn wa. Bí wọ́n bá tú èéfín sílẹ̀, aṣọ funfun tí mo bá sá á di aláwọ̀ eérú, omi tí a bá mu á sì máa ta irin lẹ́nu wa. Gbogbo àdúgbò pariwo títí, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n dákẹ́. Ọkọ mi ní ó ti mọ́ wa lára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti di ẹbí.

Àárín èéfín yẹn ni mo bí ọmọbìnrin mi sí. Láti kékeré ni àyà rẹ̀ ti máa ń súfèé. Ilé ìwòsàn fún wa ní ike oògùn kan tí a máa ń fín sí i lẹ́nu bí àyà bá há a, ike yẹn kò sì jìnnà sí mi rí, bí mo bá ń lọ sí Ojú Òré láti ra òwú, inú kọ́mú mi ló ń wà. Ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Alápòtì.

"Gbé ọmọ wá, ìyàwó mi," ni wọ́n wí lórí fóònù. "Atẹ́gùn tibí kò tíì gbọ́ orúkọ irin rí."

Mo gbé e lọ. Ẹ̀rù bà mí láti fi í sílẹ̀, mo sì kọ́ ìyá lílo ike títí wọ́n fi ní kí n má sọ àwọn di ọmọ jẹ́léósinmi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn ti débẹ̀ ni ike di ohun àgbékọ́. Ó ń sáré, ó ń gun igi ìyeyè, ó ń kọrin, kò wúkọ́. Bí mo bá pè wọ́n, ohùn rẹ̀ máa ń mọ́ gaara bí omi òjò.

Nínú ìsinmi yẹn ni dókítà ẹranko kan dé Alápòtì. Ìjàpá inú igbó ló wá ń wò. Àwọn àgbẹ̀ á mú èyí tí wọ́n bá rí lóko wá fún un, yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí òwú wà lórí rẹ̀ nu ihò imú ẹranko náà, yóò ti òwú náà sínú ike, yóò fi ọ̀dà funfun sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti rí i gan-an. Wọ́n ní ó fẹ́ mọ àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé nínú imú ìjàpá, àti èyí tó ń fún wọn ní àìsàn èémí nínú wọn. Àwọn ará abúlé rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó kàwé títí dókítà, imú ìjàpá ló wá ń nu! Ọmọ mi ló máa ń bá a di àpò rẹ̀ mú.

Ọ̀kan nínú àwọn tó sàmì sí kò lọ jìnnà. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá ọkọ mi ló máa ń wá, níbi tí ìbẹ́pẹ ti ń jábọ́. Nígbà tí ìsinmi parí, tí mo lọ gbé ọmọ mi, ìyá ti gbé ìjàpá náà sínú bàsíà, wọ́n fi ewé bò ó. Mo ní kí la fẹ́ fi í ṣe.

"Ọmọ ọmọ mi kì í kúrò lọ́dọ̀ mi lọ́wọ́ òfìfo," ni wọ́n wí. "Àwọn ẹlòmíràn ń fún ọmọ ní adìẹ. Adìẹ á kú, wọ́n á jẹ ẹ́. Èyí á bá a dàgbà."

Ta ni yóò bá ìyá ọkọ jiyàn? A gbé ìjàpá wọ ọkọ̀. Láti Alápòtì títí dé Tóògéètì ni àwọn èrò ń bi ọmọ mi bóyá ìjàpá náà ti sanwó.

Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi wa ni a fi í sí, lórí àpò ìrẹsì àtijọ́ kan. Kò pẹ́ rárá tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ohùn jáde ní imú. Fíì. Á dákẹ́. Fíì.

Nílé wa ní Ọ̀ṣun, bí màmá mi bá ń pa àlọ́, tó bá kan ibi tí ìjàpá fẹ́ sọ̀rọ̀, ńṣe ni wọ́n á fi ìka méjì fún imú pọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń pàlọ́ nílẹ̀ wa tí wọn ò mọ ohùn yẹn. Ẹkùn á bú ramúramù, ọba á fẹ̀ lóhùn, ṣùgbọ́n ìjàpá, ránmú ni yóò máa ránmú. Nítorí náà, nígbà tí ìjàpá gidi bẹ̀rẹ̀ sí í ránmú lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù wa, kò sẹ́ni tó ronú àìsàn. Ẹ̀rín la rín. Àwọn aládùúgbò ń wá gbọ́ ọ. Ìyá tó ń ta bọ́ọ̀lì ní iwájú wa ní, "Ẹ ò rí i pé àwọn bàbá wa ò parọ́!" Ọmọ mi á fún imú tirẹ̀ pọ̀, á máa dá ìjàpá lóhùn, àwa àgbà á sì máa pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rín náà kò tètè tó mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn yẹn láìròtẹ́lẹ̀, aṣọ ni mò ń gé. Mo ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, mo sá lọ sẹ́yìn láìwọ bàtà, ọkàn mi ti fò sókè. Ọmọ mi jókòó, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń wò mí. Ìjàpá ló ń dún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rín ẹ̀rín náà. Láti ọjọ́ náà ni etí mi ti ya ohùn ìjàpá sọ́tọ̀: bí mo bá ti gbọ́ fíì láti ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi.

Dókítà ẹranko padà sí Alápòtì láti tún wo àwọn tó sàmì sí. Kò rí ti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìyá ọkọ mi fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún un pé ọmọ ọmọ àwọn ló gbé e lọ sí Ṣàngó. Ó di orí mú, ó gba nọ́ńbà wa, ó sì dé ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, ó gbé ìjàpá náà sókè. Mo wá rí ohun tí n kò wò tẹ́lẹ̀. Omi ń hó ní ihò imú rẹ̀ bíi ìfófòó ọṣẹ. Ojú rẹ̀ wú. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó na ọrùn gbọọrọ, ó sì fà á sẹ́yìn. Mo mọ ìfàsẹ́yìn yẹn. Mo ti rí i lọ́rùn ọmọ mi.

"Ó pẹ́ tó ti ń dún báyìí, mà?"

Mo ní a rò pé bí ìjàpá ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó wò mí, mo rí i pé ẹ̀rín fẹ́ gbé e, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó ní ìjàpá tí ara rẹ̀ dá kì í dún nímú báyìí, àlọ́ nìkan ló ti ń ránmú.

Ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ ìjàpá. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè ran ọmọ mi? Àyà rẹ̀ ò le."

"Èyí tó wà ní imú rẹ̀ yìí, bí a ṣe mọ̀ ọ́n títí di òní, ìjàpá ló ń kó o ran ìjàpá. Kì í ṣe ti ènìyàn. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ó lè da inú ọmọdé rú. Ọṣẹ àti omi, mà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án." Ó gbé ẹranko náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ wò ó, imú ìjàpá kì í ṣe ihò lásán. Bí ayálégbé ṣe máa ń kún inú ilé fési-mi-n-fési-ẹ ni kòkòrò àìfojúrí kún ibẹ̀. Olóríburúkú kan lè wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá wà nílé, kò ní lè hùwà. Nígbà tí mo nu imú eléyìí ní Alápòtì, olóríburúkú náà wà níbẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́ ni. Nǹkan kan ló lé àwọn aládùúgbò rẹ̀ jáde, ló fi gba gbogbo ilé."

"Kí ni nǹkan náà?"

Ojú rẹ̀ lọ sí ògiri, ó kọjá ògiri lọ sókè, níbi tí èéfín ti ń jáde. "N ò lè búra, mà. Ìrìnàjò wà níbẹ̀. Oúnjẹ tó yí padà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń gbọ́ òórùn."

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ẹranko tó fi egungun ṣe ilé, tí wọ́n ní ó máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó ni ín lọ, kò bá wa gbé pẹ́ tí imú rẹ̀ fi dí. Ọmọ tèmi ti wà lẹ́yìn ògiri yẹn láti ọjọ́ tí mo ti gbé e délé láti ilé ìgbẹ̀bí.

Mo ní, "Ẹ kúkú bá wa gbé e padà sí Alápòtì. Ara rẹ̀ le níbẹ̀."

"Háà, rárá o, mà! Èyí tó bá ti ń ṣàìsàn èémí kò gbọdọ̀ padà sáàárín àwọn tí ara wọn le. Yóò kó o ràn wọ́n, ìjàpá á tán nínú igbó yẹn. Ọ̀dọ̀ wa ni yóò máa gbé, nínú àgò tirẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ó lè jẹ́ títí ayé rẹ̀. Bí imú rẹ̀ bá tiẹ̀ gbẹ, ó ṣì lè máa gbé e kiri."

Ọmọ mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ dúró. Mo rò pé àánú ìjàpá ló ń ṣe é.

Dókítà ní òun á lọ tọ́jú àgò, òun á padà wá gbé e. Nígbà tí ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní ká kó kúrò níbí. Ó bínú, ó ní ṣé ìjàpá ló fẹ́ lé òun kúrò nílé tí òun fi òógùn ojú kọ́. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i tó dúró sẹ́yìn ilé, ó gbé orí sókè, ó ń wo èéfín.

Lọ́jọ́ kan láàárín ìgbà náà, ọmọ mi wá dúró tì mí nídìí ẹ̀rọ. "Mọ́mì, ṣé ìjàpá ò ní padà sí Alápòtì mọ́ láéláé?"

Mò ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Dókítà wí ni? Ẹni tó bá ń wúkọ́ kì í padà sáàárín àwọn tí ara wọn le."

"Tí ìsinmi bá tún dé, ṣé èmi á lọ?"

"Bí ara rẹ bá le," ni mo wí, mo sì tẹ ẹ̀rọ mi.

Lẹ́yìn èyí, ikọ́ tí ọmọ mi tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tó padà dé Ṣàngó lọ. Mò ń fetí sílẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní bóyá oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ìjàpá nìkan ló ń dún lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, ọmọ náà sì fẹ́ràn láti máa jókòó tì í. Nígbà míràn, bí mo bá pè é, imú ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní, "Sọ̀rọ̀ bí ènìyàn!" Á ní, "Mò ń ṣe ìjàpá ni, Mọ́mì." A ó rẹ́rìn-ín.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni dókítà wá pẹ̀lú páálí tó ti lu ihò sí. Ọmọ mi fún ìjàpá náà ní ìbẹ́pẹ, kò sunkún. Ọkọ mi lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án, òjò ṣú, kò rọ̀, àwọn ará ẹ̀yìn ògiri sì tú èéfín sílẹ̀ lábẹ́ ìkùukùu náà. Ó ba sílẹ̀, kò lọ. Mo ti fèrèsé pa, mo jókòó sídìí iṣẹ́ mi, apá aṣọ búlúù kan ló kù.

Fíì.

Mo gbọ́ ọ. Mo ní, bí mo ṣe máa ń ṣe, "Ìjàpá, jẹ́ ká sinmi!" Mò ń ránṣọ lọ.

Fíì. Fíì.

Mo rán apá aṣọ náà dé ìparí. Mo fi eyín já òwú. Òwú ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo rántí pé ìjàpá ti lọ láàárọ̀.

N kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ká jọ sí àyè ìjàpá, láàárín dúrọ́ọ̀mù àti ògiri, ó fi àpò ìrẹsì yẹn bo ẹnu. Ètè rẹ̀ ti dà bí eérú. Ọ̀fun rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí, ẹ̀rù mi ló wà lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀.

"Mọ́mì, ìjàpá ni o. Kì í ṣe èmi."

Mo pariwo. Mo fín ike sí i lẹ́nu, kò mú un, mo tún fín in. Ìyá oníbọ́ọ̀lì ló dá ọ̀kadà dúró. Mo gbé ọmọ mi sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀ jálẹ̀ ọ̀nà, mo ń sọ fún un pé kó máa dún, kó má dákẹ́, kó máa dún fún mi. Ohùn tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni mò ń bẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Dókítà ibẹ̀ bi mí pé láti ìgbà wo ló ti ń wúkọ́, mo ní kò wúkọ́ láìpẹ́ yìí rárá. Ó ní irú àyà báyìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí èémí rẹ̀ rọlẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí n kò gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ti dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó wò mí.

"Inú àpò ìjàpá ni mò ń wúkọ́ sí, kí ẹ má baà gbọ́. Ẹ ní ẹni tó bá ń wúkọ́ kò ní padà sí Alápòtì. Màmá àgbà ń retí mi. N ò fẹ́ kí wọ́n fi mí sínú àgò."

Ọkọ mi jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní láti ibùsùn yẹn, Alápòtì tààrà ni, ọmọ òun ò ní dé ẹ̀yìn ògiri yẹn mọ́.

Ibẹ̀ ló wà di òní, ó ti ń lọ sílé ìwé níbẹ̀. Àwa ṣì wà ní Ṣàngó nítorí iṣẹ́, a ti lẹ ìwé mọ́ ara ilé pé títà ni, kò tíì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ tó tún padà wá. Dókítà ẹranko ní imú ìjàpá ti gbẹ, ó ń jẹun dáadáa. Kò lè padà sígbó.

Tí ọmọ mi bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń pè é. Ìyá ọkọ mi ní ó ti ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò, ó mọ̀ ọ́n pa ju àwọn lọ. Lọ́jọ́ kan ó fi ohùn ìjàpá kí mi lórí fóònù, ó ń ṣeré. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ní ohùn tirẹ̀, ó mọ́ gaara. Síbẹ̀ n kò gbà á gbọ́. Mo ní kó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, kó má sọ nǹkan kan, kó kàn máa mí.

Ó ń mí. Mo pa ẹ̀rọ mi, mo fọwọ́ di etí kejì, mò ń gbọ́ ọ.